Kí Ẹ Tó Mú Un Wá fún Ìtúsílẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kó Sùn Ná

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ alẹ́ náà ń sùn lọ́wọ́ báyìí, ẹ má jí i nítorí kó lè ka ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kó sùn. Á kà á tó bá jí.

Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé Iganmu ni Ọlọ́run fi wá sí. Àwa méjèèjì, tọkọtaya, la jọ ń ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ àgùntàn yìí. Ọ̀kan nínú wa ló máa ń wàásù jù. Ọ̀kan nínú wa ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Nítorí náà, tá a bá ní a rí nǹkan kan, a rí i láti orí pẹpẹ, a sì rí i láti inú wọ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá mọ Iganmu dáadáa á mọ̀ pé àdúgbò wa kì í sùn. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ National Theatre tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC 1977, tẹ́ ẹ forí lé apá Orílé, ilé-iṣẹ́ lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1949 ni wọ́n ti pọn ọtí Star àkọ́kọ́ jáde ní Iganmu níbí. Àwa ò mutí o, ṣùgbọ́n ìtàn àdúgbò wa ni. Ẹ̀rọ ńlá ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Owó gọbọi ni wọ́n fi rà á, ẹni tó ni ín á fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló sì ń dúró tì í.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa, kò sì sí ilé ìwòsàn gidi tó ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ẹ fi àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì kún un, àwọn obìnrin sẹ̀kíọ́rítì, àwọn tó ń ta epo mọ́tò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ojú títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ìlà àga kan nínú ìjọ wa tẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ ò ní rí obìnrin tó ń ṣe shift.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹnì kan. A ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn náà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìdílé kan mú ìyàwó ilé wọn wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ọkọ wá, ìyá ọkọ wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà wá. Ìyá ló sọ̀rọ̀.

"Pásítọ̀, ẹ gbà wá o. Nǹkan ti wọ inú ọmọ yìí. Kì í sùn lóru. Lọ́jọ́ tí kò bá lọ síṣẹ́ pàápàá, láago mẹ́ta òru, ojú ẹ̀ á là gbàǹgbà, á máa rìn kiri nínú ilé. Tílẹ̀ bá wá mọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé, á wá sùn bí òkú. Téèyàn bá pè é, á jágbe mọ́ni. Ó ti gbàgbé iná lórí gáàsì lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sùn lọ, ọmọ já bọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orí ẹní ni."

Ẹ gbọ́ bí ìyá ṣe to ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í sùn lóru. Ó ń rìn kiri láago mẹ́ta. Ọmọ ọwọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ táwọn èèyàn wa máa ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìyá ò dárúkọ náà, ṣùgbọ́n ojú wa ló ń wò, pé ká bá òun dá a.

A wo arábìnrin náà. Ó káwọ́ sáàárín itan, orí rẹ̀ ń ṣe gbìẹ̀gbìẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé òróró, ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì nínú wa fà á mọ́ra, ó bi í pé, "Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe to iṣẹ́ yín?"

Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ni òun ti ń di ọjà sínú páálí. Ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan alẹ́. Aago méje sí aago méje.

"Tó o bá délé láàárọ̀ ńkọ́?"

Ó ní tóun bá dé, òun á wẹ̀ fún ọmọ àgbà, òun á mú un lọ sílé ìwé. Òun á fọ aṣọ ọmọ ọwọ́. Òun á lọ sọ́jà, òun á dáná ọ̀sán àti talẹ́ pọ̀.

"Wákàtí mélòó lò ń wá sùn?"

Ó dákẹ́ bíi pé ó ń kà á. "Mọ́mì, bíi méjì. Tọ́mọ ò bá sunkún, méjì ààbọ̀."

Wákàtí méjì nínú mẹ́rìnlélógún! Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́sẹ̀ méjì síra wọn, fún ọdún kan ó lé.

A gbàdúrà fún un. Pásítọ̀ la jẹ́, a ò ní ṣe bíi pé a ò gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ṣe àmín tán, a sọ fún ọkọ àti ìyá pé, "Àdúrà tó kù, ẹ̀yin lẹ máa gbà á, ilé lẹ sì ti máa gbà á. Ẹ lọ jẹ́ kó sùn."

Ìdí tá a fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé.

Ọlọ́run dá agogo kan sínú ara wa. Inú ọpọlọ ló wà, lẹ́yìn ojú lápá òkè, ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tò ó. Tílẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní melatonin, èyí tó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́, kó palẹ̀ mọ́. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí, ara á tutù jù lọ, agbára á lọ sílẹ̀ jù lọ. Lọ́dún 2017, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel torí pé wọ́n ṣàwárí bí agogo yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tó máa ń fò lórí èso ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú kòkòrò, ó fi sínú wa náà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, agogo yìí ló ń bá jà. Láago mẹ́ta òru tí ara ń sọ pé "dùbúlẹ̀", ọ̀gá ń sọ pé "dìde". Tó bá jáde láago méje àárọ̀, oòrùn Èkó á bọ́ sí i lójú, ọpọlọ á ní, "Áà, ilẹ̀ ti mọ́." Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, oorun ọ̀sán kì í gùn tó ti òru, kì í sì í wọra bíi rẹ̀. Bí ara bá wá ń gbìyànjú àtimọ́ ọn lára, ọ̀sẹ̀ á ti pé, wọ́n á ti gbé e sí ọ̀sán. Ara á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ojú arábìnrin wa là gbàǹgbà láago mẹ́ta òru lọ́jọ́ ìsinmi ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é níta. Agogo ara ẹ̀ ló ṣì wà níbi iṣẹ́.

Ti ìgbàgbé àti ìbínú ńkọ́? Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ kan láti Ọsirélíà àti New Zealand tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 sí 19 ń ṣe bí ẹni tó ti mutí, débi ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò fi gbà kéèyàn wa mọ́tò. Ẹ wò ó: ọmọ ìjọ tí ò fẹnu kan ìgò rí láyé ẹ̀, àìsùn ti sọ ọ́ di bí ọ̀mùtí. A wá ń bá a wí pé kí ló dé tó ń ṣe ségesège!

Ní ti àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju rírẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì nínú wa mọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé nǹkan oṣù àwọn ò bọ́ sí àkókò mọ́ látìgbà tí alẹ́ ti pọ̀ jù. Ní Dẹ́nímáàkì, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 wo àwọn aláboyún tó lé ní 22,000 tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ṣe alẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí oyún ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, oyún máa ń bàjẹ́ lára wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ju lára àwọn tí kò ṣe alẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń tọpa ìlera àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n rí i pé bí ọdún téèyàn fi ṣe shift alẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu àtọ̀gbẹ ń pọ̀ sí i. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO náà sọ ọ́ lọ́dún 2007, wọ́n tún un sọ lọ́dún 2019, pé ó jọ pé iṣẹ́ alẹ́ lè fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ọmú wà lára èyí tí wọ́n ń wò. Wọn ò sọ pé ó dájú ṣáká, wọ́n ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

A ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì ń jó lọ́jọ́ ìdúpẹ́ títí dòní. Ohun tá à ń sọ ni pé ara kì í ṣe òkúta. Ẹ lọ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kẹ́ ẹ máa yẹ ṣúgà wò, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ yẹ ọmú yín wò. Ẹni tó bá lóyún, kó sọ fún dókítà ní gbangba pé alẹ́ lòun ń ṣe. Ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ká máa pa làpálàpá.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn ò kúkú fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó ilé? Ẹ tún gbọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ yín lè má mọ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe láwọn ọdún 1970, sọ ní abala 55 pé wọn ò gbọdọ̀ fi obìnrin síṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tàbí níbi iṣẹ́ ọ̀gbìn. Òfin náà yọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àti àwọn obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí wọn kì í fọwọ́ ṣiṣẹ́ agbára. Orísun ẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 1919 ni àjọ ILO ti kọ́kọ́ ṣe àdéhùn lórí obìnrin àti iṣẹ́ alẹ́, wọ́n sì ṣe òmíràn lọ́dún 1948. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lẹ́bàá títì ní Iganmu láago méje àárọ̀, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Ẹ máa rí àwọn ọmọbìnrin wa níbẹ̀.

A ò ní kí wọ́n lọ lé wọn kúrò. Tí wọ́n bá lé wọn lónìí, ọmọ wọn ò ní jẹun lọ́la. Ohun tó wù wá ni èyí tí ILO tún ṣe lọ́dún 1990, àdéhùn nọ́ńbà 171, tó kan tọkùnrin-tobìnrin: kí wọ́n máa yẹ ara òṣìṣẹ́ alẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì wá iṣẹ́ míì fún aláboyún fún àkókò kan ṣáájú ìbímọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà nínú Kristi, èyí ò tóbi jù fún yín.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Àwọn àgbà ní òru ò mẹni ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 4, 2023 ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, a dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kì í rìn láàárín òru. Látìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní kí ọ̀kadà kúrò ní Surulere, Lagos Mainland àti Apapa ní June 1, 2022, ẹni tó bá parí iṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ọ̀pọ̀ máa ń yàn láti sùn lórí bẹ́ǹṣì níbi iṣẹ́ di ìdájí. Oorun orí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú báàgì lábẹ́ orí àti ọkàn tí ò balẹ̀, ẹ má kà á mọ́ oorun.

Àwọn nọ́ọ̀sì ní tiwọn, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn, NANNM, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ní ìparí July 2025, owó shift wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn kan bú wọn lórí Facebook níbí. Ẹ ṣe sùúrù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti lọ sí ìlú òyìnbó, alẹ́ tó yẹ kí èèyàn mẹ́rin pín, ẹni méjì ló ń gbé e.

Ẹ jẹ́ ká wá bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Àwa gba ìṣọ́ òru gbọ́. A ti rí i tí Ọlọ́run ṣe nǹkan láago méjì òru tí ọ̀sán ò ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, arábìnrin tó bá wà lórí roster alẹ́ kò jẹ gbèsè ìṣọ́ òru. Ó ti ṣọ́ òru tiẹ̀. Èyí tó dúró ti aláìsàn, tó ń yí omi drip padà láago mẹ́rin ìdájí, ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ò rí i? A kì í kọ orúkọ ẹ̀ sí àwọn tí kò wá. Tó bá sì sùn lọ nígbà ìwàásù, ẹ̀yin aṣèránwọ́, ẹ má fi ìka gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 20, Pọ́ọ̀lù wàásù títí di ọ̀gànjọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eutiku sùn lọ lójú fèrèsé, ó já bọ́ láti òkè. Pọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra. A ò kà á níbì kankan pé ó bá a wí.

Ẹ wo Èlíjà náà nínú Ọba Kìíní orí 19. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ikú ló ń tọrọ. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò kọ́kọ́ lé ẹ̀mí kankan jáde. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ́ kó tún sùn, ó tún jí i kó jẹun. Lẹ́yìn oorun àti oúnjẹ yẹn ló tó rìn débi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Jésù Olúwa wa pàápàá sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà.

Ti obìnrin oníwà rere inú Òwe 31 tá a máa ń wàásù ẹ̀ lọ́jọ́ àwọn ìyá ńkọ́? Òótọ́ ni, ó máa ń dìde nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́, fìtílà rẹ̀ kì í kú lóru. Àwọn ọkọ fẹ́ràn ẹsẹ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà: obìnrin yẹn ní àwọn ìránṣẹ́bìnrin nínú ilé tó ń bá a ṣiṣẹ́. Arákùnrin, ìwọ tó o fẹ́ kí ìyàwó ẹ ṣe bíi tiẹ̀, mélòó lo gbà fún un?

Ẹ̀yin ọkọ, tí ìyàwó yín bá wà ní ọ̀sẹ̀ alẹ́, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ láàárọ̀. Ẹ wẹ̀ fún un, ẹ mú un lọ sílé ìwé, ẹ se ẹ̀wà tàbí kẹ́ ẹ rà á. Kò sí ohun tó bọ́ lára ọkùnrin nínú ìyẹn. Ẹ rántí pé ẹ̀yin sùn ní tiyín lóru.

Ẹ̀yin ìyá, ìyàwó ọmọ yín tó ń sùn láago mọ́kànlá àárọ̀, òru tiẹ̀ nìyẹn. Tẹ́nì kan bá wá kan ilẹ̀kùn yín láago mọ́kànlá òru pé kẹ́ ẹ wá gúnyán, kí lẹ máa sọ fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Manchester, ẹ má pè é lórí WhatsApp láago mẹ́wàá àárọ̀ kẹ́ ẹ máa bínú pé kò gbé e. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Á gbọ́ ọ tó bá jí.

Ẹ̀yin arábìnrin wa fúnra yín, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì rèé. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé láàárọ̀, ẹ fi gíláàsì dúdú sójú, kí oòrùn má bàa tún agogo tò. Ẹ jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fi aṣọ tó nípọn dí fèrèsé, ẹ pa fóònù. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọ́fí tàbí àwọn ohun mímu agolo tó ń lé oorun lọ nígbà tí iṣẹ́ bá ti dé ìdajì. Lọ́jọ́ tí alẹ́ àkọ́kọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ rẹjú fún wákàtí kan àbọ̀ lọ́sàn-án. Oògùn oorun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ má sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ẹ̀ ń sùn. Oorun yín wà lára iṣẹ́ yín.

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Àwa ilé ìjọsìn náà ńkọ́, tìjọ ti mọ́sálásí? LASEPA ti ti ilé ìjọsìn pa ní Èkó nítorí ariwo, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dìgbà tí ìjọba bá dé. Ní tiwa, inú ilé ni gbohùngbohùn wa kọjú sí, tá a bá sì ní ìpàdé lọ́sàn-án, a máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́run wa kì í ṣe adití. Ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri, ọmọ Rẹ̀ ni.

Ẹ máa fẹ́ mọ bí arábìnrin wa ṣe wá di. Ọkọ ẹ̀ gba iṣẹ́ àárọ̀ ọmọ mọ́ra. Ìyá ọkọ ń gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n lọ sí ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án di aago mẹ́ta, pẹ̀lú wàrà ọmú tí ìyá ọmọ ti fún sílẹ̀. Wọ́n fi ànkárá àtijọ́ méjì dí fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn fún wákàtí mẹ́fà. Níbi iṣẹ́, kò sóhun tó yí padà, roster ṣì wà bó ṣe wà, owó ò lé sí i. Ilé ló yí padà.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ìyá ọkọ gbé ọ̀sàn kún abọ́ wá fún ìdúpẹ́. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀mí yẹn ti jáde pátápátá." Àwa méjèèjì wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, a ò bá a jiyàn. A kàn ní, "Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kó padà wọlé o. Ẹ máa gbé ọmọ yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ìbéèrè kan la fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa dáhùn nísàlẹ̀: nínú ilé tiyín, ta ló ń ṣọ́ oorun obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́? Tó bá jẹ́ pé kò sẹ́ni kankan, ẹ pàdé lónìí, ẹ pín in. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó yẹ kó kà á.

Gbogbo obìnrin tó bá máa jáde lálẹ́ òní lọ síbi iṣẹ́, Olúwa á ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ọwọ́ yín ò ní bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ ò ní pàdé aburú lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá sì délé lọ́la, ẹ ó bá ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ ó bá ọwọ́ tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì sùn, oorun yín á sì dùn mọ́ yín. Ní orúkọ Jésù. Àmín.